Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ya Ọ̀nà Jẹjẹrẹ Sára Ògiri

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú pálọ̀, ẹ̀yin tí pálọ̀ ò gbà tẹ́ ẹ dúró sí àgbàlá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yọjú lójú fèrèsé bí ẹni tó wá wo ìyàwó tuntun, gbogbo yín ni mo kí. Ẹ bá wa sunkún, a ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé onígbàjámọ̀ ni mí. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu onígbàjámọ̀. Tí mo bá ti di orí yín mú, tí abẹ wà lọ́wọ́ mi, ẹ ò ní síbi tí ẹ máa sá gbà, ẹ ó gbọ́ tẹnu mi tán. Àmọ́ lónìí, ọ̀rọ̀ ló ń sá fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá dákẹ́ láàárín kan, ẹ má rò pé mo ti parí. Ẹ dúró dè mí.

Ẹni tó sùn yìí, ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wa. Òun ló ṣíwájú, èmi ni mo tẹ̀ lé e. Ọkọ ẹ̀ ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn. Ọmọbìnrin ẹ̀ kan ṣoṣo ló di ọwọ́ bàbá ẹ̀ mú yẹn. Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀, níbi tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ ya máàpù, mo rí yín. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Ìyá Pẹ́ńsù, torí pé pẹ́ńsù ò kúrò nínú irun ẹ̀. Á ki í bọ irun bí ẹlòmíì ṣe ń ki kóòmù bọ̀ ọ́, á wá máa wá pẹ́ńsù kiri gbogbo ilé, á máa pariwo pé ta ló gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tó jẹ́ fún yín. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ní kó júwe ọ̀nà fún òun. Ẹni tó bá dán an wò ti wọ gàù. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan sáré dé ẹnu ọ̀nà wa, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ilé agbẹ̀bí wà, ìyàwó òun ń rọbí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó dúró ná. Ó mú igi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀nà sílẹ̀. Ó ya ilé wa. Ó ya gọ́tà. Ó ya ajá tó máa ń sùn sẹ́nu géètì aládùúgbò. Ìyàwó ń rọbí o, ẹ̀gbọ́n mi ń ya ajá! Ìyá wa ló yọ síta, tó fa ọkùnrin náà lọ́wọ́ sáré lọ. Nígbà tí wọ́n bá a wí lálẹ́, ó ní, "Màámi, tí mi ò bá ya ajá, tó bá gbó mọ́ wọn ńkọ́? Wọ́n á rò pé àwọn ti ṣìnà."

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, kò burú. Òun náà ì bá rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó sọ yẹn o. Bó ṣe rí ní kékeré náà ló rí títí dé òpin. Kò fẹ́ kí ohunkóhun gbó mọ́ èèyàn lójú ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnì kan ti kìlọ̀ fún un.

Ìgbà tó yá, àìsàn dé. Ó ń wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ ẹ̀ kan kókó nínú ọmú. Kókó náà le, kò dùn ún. Ó sọ fún ọkọ ẹ̀, ọkọ ẹ̀ pè mí, torí pé òun ní láti wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ní kí n sìn ín lọ sí ọsibítù.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ṣé ẹ mọ ọsibítù ńlá? Ẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ká lọ sápá ọ̀tún, a lọ. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún ní apá òsì ni. Ẹni tó wà lápá òsì ní ṣé a ti gba káàdì. A gba káàdì, wọ́n ní dókítà tó ń wo irú ẹ̀ kò wá lónìí. Nígbà tá a rí dókítà, wọ́n gé bíńtín nínú ẹran ara ẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní ká máa lọ sílé, àwọn á pè wá. A ń retí. Fóònù dún, a ó sáré sí i, ẹni tó fẹ́ gérun ni. A padà lọ, wọ́n ní èsì ò tíì dé. A tún lọ, wọ́n ní ó ti dé tipẹ́, àwọn ò mọ ẹni tó yẹ kó pè wá ni.

A wà lójú àtẹ̀gùn nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dúró, tó fara ti ògiri, tó sọ pé, "Àbúrò, gbogbo awakọ̀ ìlú yìí ló ń fi máàpù tí mo yà rìn. Mo sọnù."

N kò gbọ́ ọ rí kó sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tá a ti dáyé, n kò gbọ́ ọ rí.

Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn sí i lára, oògùn tó ń dà bí omi látinú àpò tó so rọ̀ lókè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbà á rí, ẹ mọ bó ṣe ń fọ́ ara. Irun bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án gangan, èrò wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga mi, ó yọ pẹ́ńsù kúrò nínú irun, ó gbé e sórí pẹpẹ níwájú dígí. Ó ní, "Fá a."

Mo gbé ẹ̀rọ ìfárí, mo gbé e sílẹ̀, mo tún gbé e.

Ó wò mí nínú dígí. "Ṣé torí pé mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ lo ṣe fẹ́ fá a ní wúruwùru? Fá a dáadáa o. Mo máa sanwó."

Ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, èmi ni mo ń sunkún. Mo fá a. Nígbà tí mo ṣe tán, ó fọwọ́ pa orí, ó fi pẹ́ńsù há etí, ó bọ́ síta. Kò sanwó.

Inú yàrá tí wọ́n ti ń fa oògùn sí àwọn aláìsàn lára ló ti pàdé dókítà obìnrin tó wọ aṣọ aláwọ̀ eérú, tó jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn. Ẹ má bojú wẹ̀yìn, ojú ń tì wọ́n. Ìwádìí ni iṣẹ́ wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bi àwọn alárùn jẹjẹrẹ léèrè ọ̀rọ̀: ìgbà wo lẹ rí i, ta lẹ kọ́kọ́ sọ fún, kí ló mú yín pẹ́ nílé. Ohun tí wọ́n rí kó jọ pọ̀, ó sì ṣeyebíye. Àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ wọn kà á. Àmọ́ ta ni nínú àwa tó ń ṣàìsàn ló rí i kà? Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ, wọ́n ní ó máa ń dùn àwọn pé àwọn mú omi lọ́wọ́, òùngbẹ ń gbẹ àwọn èèyàn, àwọn ò rí ife tí àwọn á fi bù ú fún wọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé yẹn, dókítà bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Mà, báwo ni ara yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dókítà, gbogbo èèyàn ló ń bi mí báwo ni ara. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ibo ni mo dé."

Dókítà gbé bírò wọn sílẹ̀. "Ibo lẹ dé, mà?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n fún òun ní bébà. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ òsì, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún yàwòrán. Ó ya ilé ìwẹ̀ ẹ̀. Ó ya ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ ọkọ ẹ̀. Ó ya òkè kan tó ga, ó ní ìyẹn ni àárọ̀ tí òun fẹ́ sọ fún ọmọ òun. Ó ya àtẹ̀gùn tí òun ti fara ti ògiri. Dókítà dúró tì í títí oògùn fi tán nínú àpò. Dókítà fúnra wọn ló sọ fún mi pé àwọn ń wo bébà yẹn, ara àwọn ń ṣe gìrì, torí pé gbogbo ohun tí àwọn ti ń fi nọ́ńbà kọ láti ọdún yìí wá, ojú àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i bí ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ni.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Dókítà ní ìmọ̀, ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ tó ń yàwòrán. Wọ́n gba yàrá kan tí wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dì tó ti kán sí nínú ọsibítù, wọ́n gbá a, wọ́n to tábìlì sí i, wọ́n pe àwọn aláìsàn. Èmi ni mo ń gbé àga. Ẹ̀gbọ́n mi pín bébà tó fẹ̀ fún wọn, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń da máàpù kọ ní ọ́fíìsì wọn, tó o bá gbé e sókè, wàá rí ìmọ́lẹ̀ gba inú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ ya ọ̀nà yín fún mi, láti ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura títí dòní."

Ariwo ta. "Èmi ò mọ àwòrán yà." "Ọwọ́ mi le." Bàbá tíṣà kan ní òun gba òdo nínú àwòrán láti kékeré, òun ò ṣe tán láti gba òmíì lọ́jọ́ ogbó.

Ó ní, "Ṣé ẹ lè fi ìka júwe ilé yín fún àlejò? Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìka."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò rí irú ẹ̀ rí. Àwọn tí kò lè sọ ọ́ fún ọkọ, tí kò lè sọ ọ́ fún ìyá, wọ́n tẹ orí ba, wọ́n ń yà á. Ìyá oníbúrẹ́dì kan ya àga. Ó ya àga mìíì. Ó tún ya àga. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé, "Ìyá, kí ni gbogbo àga yìí?" Ó ní, "Ìdúródè ni, ọmọ mi. Gbogbo ibi tí mo ti jókòó dúró de ẹni tí kò wá." Ẹ̀rín sọ. Lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́, torí pé ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún ẹ̀ gbé tiẹ̀ sókè, àga ló wà níbẹ̀. Ẹni tó wà lápá òsì náà, àga.

Nígbà tí wọ́n parí, ẹ̀gbọ́n mi kó gbogbo bébà náà jọ, ó gbé wọn léra wọn, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ gíláàsì fèrèsé. Oòrùn ọ̀sán ń ràn bọ̀ láti ìta. Gbogbo ọ̀nà wọn hàn lórí ara wọn. Ó rí játijàti, bí òwú tí ọmọ ológbò fi ṣeré. Ẹni kan lọ síhìn-ín, ẹni kan yà sọ́hùn-ún. Àmọ́ ibì kan wà, ibì kan ṣoṣo, tí gbogbo ọ̀nà ti já. Kò sẹ́ni tí tiẹ̀ ò já níbẹ̀. Láàárín ibi tí wọ́n ti gé ẹran ara wọn fún àyẹ̀wò àti ibi tí wọ́n ti gbọ́ èsì, funfun báláú ni. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé bí ẹni pé ẹnì kan gé ihò síbẹ̀.

Dókítà fọwọ́ bo ẹnu. Ìwádìí wọn ti sọ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í padà wá lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ẹni tí ì bá rí ìwòsàn, àárín yẹn ló ti ń pòórá. Nísinsìnyí, wọ́n ń wò ó. Mo gbọ́ tí wọ́n rọra sọ pé, "Ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà."

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Torí ihò yẹn, ọsibítù wá yan nọ́ọ̀sì kan tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa wá ẹni tí kò padà wá. Á pè é, á lọ bá a nílé, á dì í lọ́wọ́ mú wá gbọ́ èsì. Nọ́ọ̀sì yẹn ló ń pín omi fún yín láti ìrọ̀lẹ́. Ẹ kí i.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya èyí tó tóbi, èyí tó máa gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù. Ó fi nọ́ńbà tó wà nínú ìwádìí dókítà díwọ̀n ìbú ọ̀nà. Ẹni tó tètè wá, ọ̀nà tiẹ̀ fẹ̀, èèyàn pọ̀ lórí ẹ̀, wọ́n ń jáde lódì kejì. Ẹni tó pẹ́, ọ̀nà tiẹ̀ tín-ín-rín. Àwọ̀ aró ni ohun tí ọsibítù ń ṣe, àwọ̀ ilẹ̀ ni ohun tí aláìsàn ń rí lára. Ẹni tí kò mọ̀wé lè dúró níwájú ẹ̀ kó mọ ibi tí ó kàn. Àwọn àmì tó ń kìlọ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀: kókó, ẹ̀jẹ̀ níbi tí kò yẹ, egbò tí kò jinná, ara tó ń rù láìnídìí.

Ìjà wá bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá àgbà ọsibítù wá wò ó. Ó yìn ín. Ó wá fi ọwọ́ tọ́ ọ̀nà kan tó yà lọ sápá ìsàlẹ̀, tí kò jáde lódì kejì. Ó ní, "Mà, èyí ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ti àwọn tó kú ni, sà."

"Á dẹ́rù ba àwọn èèyàn. Ẹ bá wa yọ ọ́."

"Mi ò lè yọ ọ́."

"Mà, àrùn là ń wò, a kì í wo ikú."

"Ẹ wo àrùn, sà. Ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀nà. Máàpù tó bá fi odò pamọ́, ẹni tó bá tẹ̀ lé e á rì."

Ọ̀gá ní tí kò bá yọ ọ́, kò ní gun ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi ní tó bá yọ ọ́, kí wọ́n má fi ọwọ́ òun sí i. Ẹ mọ̀ ọ́n! Ká ní ilé ń jó lórí ẹ̀, tó bá ti ní òun ò jáde, kò jáde nìyẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ nílé. Ọkọ ẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹ̀bẹ̀ wa dùn, àmọ́ kò tíì kan òun.

Ìyàwó bàbá tíṣà ló parí ìjà. Bàbá tíṣà tó ń ṣàwàdà nípa òdo, ó ti dolóògbé nígbà yẹn. Ìyàwó ẹ̀ wá sọ́dọ̀ ọ̀gá, ó kúnlẹ̀, ọ̀gá ní kó dìde. Ó ní, "Sà, ọkọ mi rin ọ̀nà yẹn. Èmi àtàwọn ọmọ bá a rìn ín. A kọrin fún un níbẹ̀. Ó dárí ji bùrọ̀dá ẹ̀ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ibo lẹ ní ọkọ mi gbà lọ?"

Ọ̀gá ní kí wọ́n fi ọ̀nà náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọ̀gá náà wà níbí lálẹ́ òní, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá, sà.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e kọ́, wọ́n pe wẹ́dà kan kó wá jó irin tó máa di máàpù náà mú. Ọkùnrin jẹ́jẹ́, tí kì í ṣàròyé. Ó jó irin tán, ó ṣí ìbòjú, ó gbójú sókè. Ló bá ń wò ó. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a rò pé irin ló ń yẹ̀ wò. Ó súnmọ́ ọn. Ó fi ìka tó dúdú fún iṣẹ́ lé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ya ọkùnrin kan sí tó ń tọ ẹ̀jẹ̀, tó kọ ẹ̀yìn sí ilé, tí kò sọ fẹ́nì kan. Ìka yẹn dúró síbẹ̀.

Ó ní, "Ibí ni mo wà."

Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ o. Ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó dúró tì í, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Ẹ ò dá wà níbẹ̀. Ẹ wo àwọn èèyàn tó wà níwájú yín." Wẹ́dà fi ìka tẹ̀ lé ọ̀nà, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń bi í, "Èyí ńkọ́? Èyí ńkọ́?" Nígbà tí ìka ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà dókítà, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ṣé wọ́n wà níbí lónìí?" Ìsẹ̀lẹ̀ kan ò sẹ̀, ààrá kan ò sán. Ọkùnrin kan wulẹ̀ gbé irinṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ ni, ó rìn wọ yàrá dókítà. Síbẹ̀, mo ń sọ ọ́ fún yín, irun ara mi dìde. N kò mọ̀ pé ìlà tí ọwọ́ èèyàn fà lè gba ẹ̀mí èèyàn là.

Wẹ́dà yẹn wà láàyè. Ara ẹ̀ ti yá. Òun ló dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, tó ń nu ojú.

Àmọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀gbọ́n mi padà wá. Ó wọ egungun. Ọsibítù ṣe gbogbo ohun tó wà níkàáwọ́ wọn, ó wá ku ká máa tọ́jú ẹ̀ nílé kí ìrora má pọ̀. Inú yàrá tó wà lẹ́yìn mi yìí ni, a gbé bẹ́ẹ̀dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí n pe dókítà. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ó ti dé nìyẹn. Dókítà sáré dé, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dókítà, a ṣi í yà."

"Èwo, mà?"

"Ọ̀nà tó lọ sísàlẹ̀. Mo yà á bí ẹni pé dídà ló ń dà lọ láti òkè dé ilẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó tẹ́jú wà níbẹ̀. Èèyàn ń jókòó níbẹ̀. Lánàá, èmi àti ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ẹ̀yìn fi dùn mí. Ọkọ mi ka ìwé ìròyìn fún mi, ó ń ṣi í kà, mo ń bá a jà. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ wà. Ẹ bá mi fi kún un."

Ìka ẹ̀ ò lágbára mọ́. Ọmọ ẹ̀ ló di pẹ́ńsù mú, òun ń sọ fún un: "Fà á síwájú. Kó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹ́ kó tẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni." Dókítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fi orí ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ bá mi rò ó. Ẹni tí ikú ti dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀, tó ń wo yíká láti mọ bí ibẹ̀ ṣe rí, kí ó lè sọ fún àwa tá a ṣì wà lẹ́yìn. Mo ti bi ara mi léèrè pé irú ọkàn wo nìyẹn. Ó kàn ń bà mí lẹ́rù lọ́nà tó dára ni, bó ṣe máa ń rí tí mo bá gbójú sókè tí mo rí bí ojú ọ̀run ṣe pọ̀ tó.

Wọ́n ti fi kún un. Ó wà lórí ògiri. Ẹ lọ wò ó.

Ọ̀rọ̀ mi tán pẹ̀lú yín. Ó ku èmi àti ìwọ.

Ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ìyá mi. Ìwọ tó o pọ̀n mí kí ẹsẹ̀ mi tó ran ilẹ̀. Màmá ti ṣíwájú, Bàbá ti ṣíwájú, ojú ò ní tì ẹ́ níwájú wọn. Má ṣe wẹ̀yìn wò nítorí ọmọ ẹ: ebi ò ní pa á, ìyà ò ní jẹ ẹ́, mo wà níbí. Má wẹ̀yìn wò nítorí ọkọ ẹ: oúnjẹ á dé iwájú ẹ̀, ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ á jókòó tì í. Ara tó dùn ẹ́ ti kúrò lọ́rùn ẹ. Kí ilẹ̀ tẹ́ fún ẹ, kí afẹ́fẹ́ rọ̀ fún ẹ, kí àwọn tó mọ̀ ẹ́ jáde wá pàdé ẹ, kí wọ́n pè ẹ́ lórúkọ tí ìyá wa sọ ẹ́.

Mo fẹ́ sọ pé kó o dúró díẹ̀ sí i. Mi ò ní sọ ọ́. Máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Máa rọra lọ.

Ó dàbọ̀ o.